Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ẹgbẹ́ kan ti sá lọ, méjì sì dọ́gba. Ta ni yóò gbá àṣekágbá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni akọ̀wé ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò wa n'Íbàdàn. Ẹgbẹ́ mẹ́fà la fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni kálukú ń pàdé ẹnì kejì rẹ̀, àwọn méjì tó bá lékè ni yóò gbá àṣekágbá. Àwọn ọlọ́kadà fi wá sílẹ̀ láàárín ìdíje. Kí wọ́n tó lọ, àwọn mẹkáníìkì ti fi góòlù mẹ́jọ sí òdo nà wọ́n. Àwọn télọ̀ kò tíì bá wọn gbá rárá. Ní báyìí, mẹkáníìkì àti télọ̀ dọ́gba ní ipò kejì, ọ̀mì 1-1 ni wọ́n sì gbá nígbà tí wọ́n pàdé. Mẹkáníìkì ní àfi ká ka góòlù mẹ́jọ àwọn. Kí ni ká ṣe? Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ló sì yẹ ká gbá àṣekágbá ni, àbí ẹ̀ẹ̀mẹta?

Ìdáhùn: Akọ̀wé, ẹ kú làálàá. Ẹ má ka góòlù mẹ́jọ yẹn. Gbogbo èsì tó kan àwọn ọlọ́kadà ni kí ẹ pa rẹ́, ti gbogbo ẹgbẹ́ pátá. Inú yóò bí mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n télọ̀ kò rí ẹni tí wọn yóò gbá mẹ́jọ tiwọn sí. Bí ẹ bá sì fún télọ̀ ní góòlù mẹ́ta ọ̀fẹ́ torí pé ọlọ́kadà kò wá, mẹ́ta kì í ṣe mẹ́jọ.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó jù wá lọ. Nígbà tí Eritrea yọwọ́ nínú ìdíje àtilọ sí Ife Àgbáyé 2026 nílẹ̀ Áfíríkà, ìsọ̀rí wọn ku ẹgbẹ́ márùn-ún, àwọn ìsọ̀rí yòókù ní mẹ́fà mẹ́fà. Àwọn mẹ́rin tó dára jù nínú àwọn tó ṣe ipò kejì ló sì máa lọ gbá play-off, ìyẹn àfikún ìdíje lẹ́yìn ti ìsọ̀rí. Kí ìwọ̀n lè dọ́gba, wọ́n yọ èsì tí ẹni kejì kọ̀ọ̀kan ní lọ́dọ̀ ẹni tó gbẹ́yìn ìsọ̀rí rẹ̀ kúrò. Burkina Faso ní àmì 21, wọ́n ti na Djibouti 4-1 àti 6-0. Gbogbo rẹ̀ di òfo, àmì wọn wálẹ̀ sí 15. Nàìjíríà ní 17, ọ̀mì méjì la sì gbá pẹ̀lú Zimbabwe, nítorí náà àmì méjì péré la pàdánù. Àwa náà di 15! Ọ̀mì tí a bú àwọn ọmọ wa lé lórí ló wá ṣe wá lóore.

Ìyàtọ̀ góòlù (iye tí ẹgbẹ́ gbá wọlé, tí a yọ iye tí wọ́n gbá sílé rẹ̀ kúrò) ló yà wá: tiwa 7, tiwọn 6. Ní Uyo, lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, Osimhen ti gbá mẹ́ta sílé orílẹ̀-èdè Benin, aago ti kọjá àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú kí Onyeka tó fi ẹ̀kẹrin kún un. Ká ní 3-0 ló dúró sí, àwa àti Burkina Faso ìbá ní ìyàtọ̀ 6, góòlù tí wọ́n gbá wọlé ìbá sì fi ẹyọ kan ju tiwa lọ. Ẹni tó ti dìde lọ wá ọkọ̀ kò rí góòlù tó gbé wa dé Morocco, níbi tí wọ́n ti gbá play-off náà.

Ká padà sọ́dọ̀ yín. Ẹ̀yin ti gbá ọ̀mì, nítorí náà “ta ló na ta” kò wúlò. Spéènì ló fẹ́ràn òfin yẹn: ní 2007, Real Madrid àti Barcelona jọ ní àmì 76, ìyàtọ̀ góòlù Barcelona pọ̀ gan-an ju ti Madrid, síbẹ̀ Madrid ló gba líìgì torí pé wọ́n borí 2-0 nílé, wọ́n sì gbá ọ̀mì 3-3 níta. Ní Amẹ́ríkà, iye ìgbà tí ẹgbẹ́ borí ni MLS, líìgì bọ́ọ̀lù wọn, kọ́kọ́ ń wò. Èmi fúnra mi fara mọ́ ìyàtọ̀ góòlù.

Ṣùgbọ́n ṣé ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀? Bí ẹ kò bá kọ ọ́, ẹ má mú òfin kankan jáde nísinsìnyí, gbogbo ènìyàn ti ṣírò ẹni tí yóò gbè. Kí mẹkáníìkì àti télọ̀ tún pàdé lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti sáà 2022-23, ohun tí Ítálì ń lò nìyẹn bí méjì bá dọ́gba lókè tábìlì: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, bó bá di ọ̀mì, pẹnárítì tààrà, kò sí àfikún àsìkò.

Ní ti àṣekágbá, ẹ̀ẹ̀kan tó. Àwọn tó fẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ń sọ pé ó ń dáàbò bo ẹni tó lágbára. Ẹ bi Inter Miami. Ní 2024 wọ́n kó àmì 74, tí ẹnikẹ́ni kò kó rí ní MLS. Atlanta ní 40. Lẹ́yìn líìgì, wọ́n pàdé nínú ìdíje ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹni tó bá borí lẹ́ẹ̀mejì ló ń tẹ̀ síwájú. Miami borí 2-1, Atlanta dá a padà 2-1, Atlanta sì tún lọ nà wọ́n 3-2 nílé wọn. Ìgbà mẹ́ta lẹ ó sì sanwó rẹfirí. Bí ẹ bá fẹ́ bọlá fún ẹni tó ṣe ipò kìíní, ẹ jẹ́ kó mú pápá àti ọjọ́ tó wù ú.

Ní ti rẹfirí tí yóò dá sí ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì àti télọ̀, ẹ mú un wá láti òde àdúgbò. Kó má ní ọkọ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kó má sì ní aṣọ ẹbí tó ń retí lọ́dọ̀ télọ̀.