Ọmọ Mi Máa Ń Jí ní Aago 4:30 Ìdájí: Kí Ni Kí N Ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ọmọkùnrin mi pé oṣù 9. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ 3 báyìí tó ti ń jí ní aago 4:30 ìdájí, kì í sì í padà sùn mọ́. Bí mo bá pọ̀n ọ́n lọ sí ọjà Bódìjà ní aago 6:30, yóò sùn lẹ́yìn mi títí di nǹkan bí aago 8. Ìyá ọkọ mi ní kí n jẹ́ kó máa pẹ́ kó tó sùn lálẹ́. A ti sún un dé aago 10, síbẹ̀ kò yí padà. Ara rẹ̀ dá, ó sì ń jẹun. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá ọmọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò oorun rẹ̀. Ọmọ tó wà láàárín oṣù 4 sí 12 nílò oorun wákàtí 12 sí 16, tọ̀sán tòru. Láti aago 10 alẹ́ títí di 4:30 ìdájí, wákàtí 6 ààbọ̀ péré ni. Nítorí náà, kì í ṣe pé oorun ti tó o ló fi ń jí. Oorun òru rẹ̀ ló pín sí méjì. Èyí tó ń sùn lẹ́yìn yín lójú ọ̀nà Bódìjà kì í ṣe oorun ọ̀sán rárá, ìyókù oorun òru rẹ̀ ni. Bó sì ti ń rí ẹ̀yìn ìyá sùn sí lójoojúmọ́ ní aago 6:30, ara rẹ̀ ti ń fi ìyókù oorun náà pamọ́ de àkókò yẹn.

Ìdájí ni oorun ọmọdé máa ń fúyẹ́ jù. Àárẹ̀ tó gbé e sùn lálẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀, melatonin tí ara ń ṣe láti múni sùn náà ti ń dín kù, ìdí nìyẹn tí ohun tí kò lè jí i ní aago 11 alẹ́ fi lè jí i ní aago 4. Mo rọ ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ pé kí ẹ jí ní aago 4 lọ́jọ́ kan, kí ẹ jókòó sínú yàrá náà láìtan iná, kí ẹ sì máa fetí sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, iná mànàmáná ni mo máa ń bá nídìí ọ̀rọ̀ náà: wọ́n mú iná lọ lálẹ́, kò sẹ́ni tó rántí pa swíìṣì, nígbà tí iná sì dé ní ìdájí, gílóòbù tàn wàá sójú ọmọ, fánù náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹ máa pa swíìṣì gílóòbù kí ẹ tó sùn, yálà iná wà tàbí kò sí. Àkùkọ àti ìpè àdúrà kò ṣeé dá dúró, ṣùgbọ́n ẹ lè gbé ibùsùn ọmọ kúrò lẹ́bàá fèrèsé. Oòrùn kò lẹ́bi níbí, nítorí pé ní Ìbàdàn kì í yọ kí aago 6 tó kọjá; àwọn ìyá tó wà ní London, tí ilẹ̀ ń mọ́ bá kí aago 5 tó lù nínú oṣù Kẹfà, ló nílò kọ́tìnnì tó nípọn.

Ní ti pípẹ́ sùn, ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín bá àgbàlagbà mu, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti rẹ̀ kọjá ààlà kì í sùn wọra. Oorun rẹ̀ a máa já ṣáá. Ẹ máa fi ìṣẹ́jú 15 dín in kù: 9:45, lẹ́yìn ọjọ́ 2, 9:30, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi máa sùn láàárín aago 7:30 sí 8. Ó ṣeé ṣe kí bàbá rẹ̀ má bá a lójú mọ́ bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Kí ó máa gbé e láàárọ̀, nígbà tí ẹ bá ń múra ọjà.

Ibi tó le jù ni ti ẹ̀yìn yín. Ẹ óò máa sún oorun òwúrọ̀ yẹn síwájú díẹ̀díẹ̀, 6:45, 7:00, títí yóò fi dé nǹkan bí aago 9. Ọmọ tí a pọ̀n, tí ìyá sì ń rìn, kò sí bí kò ṣe ní sùn. Fún bí ọ̀sẹ̀ 2, ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ó kọjú sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì fún un ní ògì rẹ̀ bí ẹ bá ti dé ìsọ̀. Mo mọ ìyá kan tó ń ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì láti ilé dé ìsọ̀ kí oorun má baà gbé e lọ.

Bí ó bá jí ní 4:30, ẹ fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ àti ìlédìí rẹ̀ nínú òkùnkùn. Bó bá kàn ń ṣeré, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá ń sunkún, ẹ rọra máa fọwọ́ gbá a lẹ́yìn, tàbí kí ẹ fún un lọ́mú láìsọ̀rọ̀, láìtan fóònù, nítorí ebi ṣì lè máa pa ọmọ oṣù 9 lóru. Ẹ má ṣe gbé e jáde kúrò ní yàrá kí aago tó di 5:45. Bó bá wá ń jí láàárín 5:45 sí 6:30, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ti mọ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fún un ní Piriton, oògùn ikọ́ tàbí àgbo kankan nítorí kí ó lè sùn. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè ṣèdíwọ́ fún mímí rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, bó bá ń fa etí, tàbí tó ń hanrun lójoojúmọ́, dókítà ni kí ẹ gbé e lọ bá. Ó ti tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára oṣù 9 báyìí. Ẹ kọ aago tó ń sùn àti aago tó ń jí sínú ìwé fún ọjọ́ 7, kí ẹ mú un dání lọ síbi tí ẹ ti ń gba abẹ́rẹ́ náà, kí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.