Dídì mọ́ lọ́tọ̀, ṣíṣí lọ́tọ̀: kí ni wọ́n ń pè ní receptor nínú ọ̀rọ̀ oògùn opioid?

Ẹnì kan béèrè pé tí wọ́n bá ní oògùn opioid kan (ìyẹn ìran àwọn oògùn apàrora bíi morphine) "dì mọ́ receptor" ju èkejì lọ, ṣé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó lágbára jù ú lọ, àti pé kí tiẹ̀ ni receptor yẹn ní Yorùbá. Rárá o, dídì mọ́ lọ́tọ̀, agbára lọ́tọ̀, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

Receptor, "olùgbà" lèmi máa ń pè é, torí nínú èdè Látìn tí wọ́n ti mú un, ẹni tó ń gba nǹkan ló túmọ̀ sí. Purotéènì ni, ara sẹ́ẹ̀lì ló jókòó sí, orí ẹ̀ wà níta, ìdí ẹ̀ wà nínú, tí ohun tó bá a mu bá ti kàn án níta ó máa yí ara ẹ̀ padà díẹ̀, á sì ránṣẹ́ wọlé pé kí sẹ́ẹ̀lì yẹn rọra, ìyẹn ni mò ń pè ní ṣíṣí. Bí ìrora ṣe ń lọ sílẹ̀ nìyẹn, bí èèmí náà ṣe lè lọ sílẹ̀ títí á fi dúró nìyẹn tó bá pọ̀ jù. Mẹ́ta lèyí tí wọ́n máa ń dárúkọ jù, mu, delta, kappa, mu yẹn sì ni lẹ́tà "m" àwọn Gíríìkì, morphine ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló dé tí ara èèyàn á kọ́lé de oje òdòdó poppy, níbi tí morphine ti ń wá, èmi náà rò ó rí. Ọdún 1973 ni wọ́n fi hàn gbangba pé olùgbà yìí wà nínú ọpọlọ, nígbà tó wá di 1975 àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, John Hughes àti Hans Kosterlitz rí enkephalin, ohun tí ara wa ń ṣe fúnra ẹ̀. Ṣé ẹ rí i, enkephalin ló nilé, morphine kàn jẹ́ àlejò tó jọ onílé ni.

Ibo ló ti jọ ọ́? Ibẹ̀ ló dùn jù. Enkephalin bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tyrosine, ọ̀kan lára amino acid tí wọ́n fi ń kọ́ purotéènì, tyrosine sì ní òrùka káàbọ̀nù mẹ́fà kan tí ọ́síjìn pẹ̀lú háídrójìn so mọ́ létí, náítírójìn kan tún wà lápá kejì. Ẹ wo morphine báyìí, òrùka márùn-ún ló kó wọnú ara wọn, àmọ́ òrùka yẹn wà níbẹ̀, ọ́síjìn yẹn wà níbẹ̀, náítírójìn náà ò jìnnà síbi tó yẹ kó wà. Tó bá ti dénú ara, náítírójìn yìí sábà máa ń gba háídrójìn kan kún ara ẹ̀, á wá di pọ́sítíìfù, aspartate kan, amino acid mìíràn, sì wà nínú kòtò olùgbà tó jẹ́ nẹ́gátíìfù, làwọn méjèèjì bá fa ara wọn mọ́ra. Nínú ìdílé morphine, ibi tí wọ́n ti ń di olùgbà mú jù nìyẹn.

Nǹkan kékeré wá lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Codeine, bíi morphine náà ni, káàbọ̀nù kan ló kàn bo ọ́síjìn etí òrùka yẹn, kò wá rí olùgbà dì mú dáadáa, àfi kí ẹ̀dọ̀ bá a yọ káàbọ̀nù yẹn kúrò, kó sọ díẹ̀ nínú ẹ̀ di morphine, ẹni tí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ò bá lè ṣe é, codeine ò ní fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Oògùn méjì kan, levorphanol àti dextrorphan, tiẹ̀ yà mí lẹ́nu jùyẹn lọ, átọ̀mù kan náà, iye kan náà, ìkan kàn dà bí àwòrán èkejì nínú dígí ni, levorphanol ń pa ìrora, dextrorphan ò pa á bẹ́ẹ̀. Ṣé bàtà ọ̀tún á wọ ẹsẹ̀ òsì ni?

Ó tún wá ku ọ̀rọ̀ pé báwo ló ṣe máa débẹ̀. Heroin fúnra ẹ̀ ò dì mọ́ olùgbà tó morphine, àmọ́ ó fẹ́ràn ọ̀rá, ó ń yára wọnú ọpọlọ, ibẹ̀ ló ti wá ń tú di nǹkan tó ń ṣiṣẹ́. Fentanyl, opioid mìíràn, náà fẹ́ràn ọ̀rá gan-an, Paul Janssen ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1960, òrùka ẹ̀ ò tiẹ̀ jọ ti morphine, síbẹ̀ agbára ẹ̀ tó ìlọ́po 50 sí 100 ti morphine.

Wọ́n máa ń fi kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo ṣàlàyé dídì mọ́, kò burú, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ lè wọlé ṣinṣin kó má yí. Naloxone nìyẹn. Ìrù káàbọ̀nù mẹ́ta ló wà lára náítírójìn tiẹ̀ níbi tí morphine ti ní ẹyọ kan, ó máa ń dì mọ́ dáadáa, kò ní ṣí nǹkan kan, á kàn lé èyí tó wà níbẹ̀ kúrò, òun ni wọ́n fi ń jí ẹni tí opioid fẹ́ pa. Buprenorphine, opioid mìíràn, ní tiẹ̀, ó dì mọ́ ju morphine lọ dáadáa, àmọ́ kì í ṣí i tán, kì í sì í tètè fibẹ̀ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí naloxone tí wọ́n máa lò fẹ́ni tó lò ó jù fi lè pọ̀ ju èyí tí wọ́n máa ń lò fún morphine lọ kó tó lé e kúrò.