Ọ̀sẹ̀ ìgbáradì EPIK ní Kòríà: ibi tó yẹ kí ẹ fi agbára sí

Ẹni tó béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ọ̀sẹ̀ ìgbáradì àwọn tó fẹ́ lọ kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ EPIK, ìyẹn ètò ìjọba Gúúsù Kòríà tó ń gba olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti òkèèrè sí iléèwé wọn, àti ohun tó yẹ kéèyàn gbé dání, ẹ kú ìmúra. Kí àwọn mìíràn tó ń kà á má baà náwó dànù, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí: pásípọ́ọ̀tù orílẹ̀-èdè 7 péré ni wọ́n ń gbà, Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba, Kánádà, Ireland, Australia, New Zealand àti South Africa. Ti Nàìjíríà nìkan kò lè gbé yín débẹ̀, bó ti wù kí Gẹ̀ẹ́sì yín já gaara tó. Ẹni tó bá ní òun mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ náà máa ń bọ́ sí ìparí oṣù kejì tàbí ìparí oṣù kẹjọ, kí sáà ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ti oṣù kejì, òtútù tó ń sọ omi di yìnyín ni; ti oṣù kẹjọ, ooru àti òjò. Inú ọgbà yunifásítì ni wọ́n sábà máa ń kó yín sí. Kò jọ kám̀pù agùnbánirọ̀ rárá, kò sí pé à ń sáré láàárọ̀. Ìjókòó ló pọ̀ níbẹ̀.

Wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò ara fún yín: ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, àwòrán àyà. Wọ́n ń wá oògùn olóró nínú ìtọ̀ náà, nítorí náà ẹ jìnnà sí oògùn ikọ́ tó ní codeine. Adderall, oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í pa pọ̀, ńkọ́? Bí dókítà Amẹ́ríkà bá tiẹ̀ kọ ọ́ fún yín, òfin Kòríà kò gbà á láàyè. Ẹ má gbé e wọ ìlú wọn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi agbára sí ni ìkọ́ni àfihàn, tí wọ́n máa ní kí ẹ dúró níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ yín bí ẹni pé kíláàsì ni. Ọ̀rọ̀ àpọ̀jù ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Èèyàn á dúró, á ní, “Okay everyone, what I'd like you to do now is find a partner.” Ọmọ ọdún 10 ní Kòríà kò ní gbọ́ ju “okay” lọ nínú rẹ̀. Ẹ sọ pé “Stand up.” Ẹ dákẹ́ títí gbogbo wọn á fi dìde. “Two people,” kí ẹ na ìka méjì sókè. Lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin àti co-teacher, ìyẹn olùkọ́ ọmọ Kòríà tí ẹ jọ máa wà ní kíláàsì, ṣe é lójú wọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má bi wọ́n pé “Do you understand?” Gbogbo wọn ló máa pariwo “Yes!”, títí kan ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. “How many people?” ni kí ẹ bi wọ́n. Tí wọ́n bá ní “Two”, ó ti yé wọn.

Ìṣẹ́jú 40 ni kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 45 ni ti sẹ́kọ́ńdìrì kékeré, 50 ni ti àgbà. Ìṣẹ́jú 5 fún ìkíni, 10 fún gbígbọ́ àti títún un sọ, 10 fún ọ̀rọ̀ ẹni méjì-méjì, 10 fún eré, 5 fún ìparí. Eré gan-an ló máa ń jẹ àkókò. Eré tí àlàyé rẹ̀ bá ju gbólóhùn mẹ́ta lọ ti le jù fún wọn, ẹ pa á tì.

Ẹ fi fídíò yín sínú fláàṣì, ẹ má gbójú lé íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ sì mọ̀ pé fáìlì .hwp ni iléèwé Kòríà sábà máa ń lò, Microsoft Word kì í ṣí i bó ṣe yẹ.

Lẹ́tà Hangul, ìyẹn álífábẹ́ẹ̀tì èdè Kòríà, 24 péré ni. Ẹ kọ́ ọ kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, torí orúkọ oúnjẹ àti bọ́ọ̀sì ni ẹ máa kọ́kọ́ nílò láti kà.

Lọ́jọ́ ìkẹyìn ni ẹ máa ń bá àwọn tó wá mú yín lọ síbi iṣẹ́ yín pàdé. Ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá ti mọ èyí tó pọ̀ níbẹ̀: a kì í fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan, a kì í sì pe orúkọ àgbà lásán. Tiwọn ni pé ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi fúnni, òun náà ni kí ẹ fi gbà. Ẹ tẹríba láti kí wọn, kò dé orí ìdọ̀bálẹ̀. “Seonsaengnim” ni kí ẹ máa pe olùkọ́. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ béèrè ohun mẹ́rin: kíláàsì wo ni mo máa kọ́, ìwé wo ni wọ́n ń lò, ọjọ́ wo ni mo bẹ̀rẹ̀, ta ló máa mú mi lọ gba káàdì ìgbélùú. Àyè ọjọ́ 90 ni òfin fún yín láti forúkọ sílẹ̀ fún káàdì náà, ṣùgbọ́n láìsí i, báńkì àti fóònù máa ṣòro, nítorí náà ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Owó ìwọ̀lú 1,300,000 wọ́ọ̀n àti owó ìbùdó 300,000 tí wọ́n ń san fún yín wà lóòótọ́, àmọ́ wọn kì í kà á lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ dé. Ẹ mú owó oúnjẹ àti ọkọ̀ oṣù kan dání.

Nínú ẹrù yín, ẹ mú bàtà tí ẹ máa wọ̀ nínú iléèwé, pàápàá tí ẹsẹ̀ yín bá tóbi, torí ẹ máa bọ́ ti ìta sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ mú ìpara irun tó máa tó yín fún oṣù mélòó kan. Itaewon ní Seoul ni wọ́n ti ń ta á, ibi tí wọ́n máa gbé yín sí sì lè jìnnà síbẹ̀. Ẹ má di kílíṣí tàbí ẹran gbígbẹ kankan, àwọn aṣọ́bodè á gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ sì lè san owó ìtanràn lé e.