Èsì: Ṣé ká da kẹ́míkà sí epo tó bá wọ ọ̀sà?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bí epo rọ̀bì bá dà sójú òkun níwájú Òde-Omi, kí ló dé tí wọn ò ní fọ́n kẹ́míkà tó ń tú epo ká sí i kíákíá, kódà bó bá ti wọ ọ̀sà.

Lójú agbami, mo fara mọ́ ọn. Nínú ọ̀sà, rárá o! Kẹ́míkà yẹn kì í pa epo rẹ́. Ńṣe ló ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, tí ìgbì á pò ó mọ́ omi, kí àwọn kòkòrò àìfojúrí lè rí i jẹ. Omi gbọ́dọ̀ jìn, ó kéré tán mítà 10 sí 20, kí epo àti kẹ́míkà náà má bàa pọ̀ jù lójú kan. Ọ̀sà tiwa lọ́dọ̀ Ìwópin kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Orí ẹyin ẹja àti edé ni gbogbo rẹ̀ máa dà lé. Kí làwọn apẹja Mákún-Omi á wá kó lọ sọ́jà? Ní 1967, tí ọkọ̀ òkun agbépo tí wọ́n ń pè ní Torrey Canyon fọ́ ní England, kẹ́míkà ìgbà yẹn tí wọ́n dà sétíkun ṣe ẹran omi léṣe ju epo fúnra rẹ̀ lọ. Epo tó dà ní 2011 ní Bonga, ibùdó ìwapo Shell lójú agbami Nàìjíríà, yàtọ̀, ojú agbami ni wọ́n ti fọ́n kẹ́míkà sí i.

Kò tún gbọdọ̀ pẹ́. Epo tó bá ti lo ọjọ́ mélòó kan lójú omi á ki, kẹ́míkà ò ní ràn án mọ́. Bẹntiróòlù ní tirẹ̀ kò nílò kẹ́míkà, ńṣe ló máa ń gbẹ dànù sínú afẹ́fẹ́.

Bó bá dorí ọ̀sà, kí wọ́n fi ìdènà tó ń léfòó dí ẹnu ọ̀nà omi, kí wọ́n sì fa epo náà. NOSDRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ epo tó bá dà, ló ń fọwọ́ sí kẹ́míkà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ wa kí wọ́n má da ọṣẹ ìfọṣọ sí i.