Ṣé ásíìdì inú ló ń dá ara rẹ̀ lẹ́kun?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú wa. Bí ìkọ́kọrẹ́ ìyá mi bá ń hó lórí iná, kí wọ́n tó bù ú rárá ni itọ́ á ti kún mi lẹ́nu, tí inú mi á sì máa kùn. Àwọn fúnra wọn ti lo omeprazole, oògùn tó ń dín ásíìdì inú kù, fún oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dá a dúró, àyà ń ta wọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣé ọ̀rọ̀ méjèèjì tan mọ́ra? (Òǹkàwé, Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ìdáhùn: Wọ́n tan mọ́ra dáadáa. Bí òórùn ẹja àti epo bá ti kàn yín nímú, ọpọlọ á rán iṣẹ́ gba inú iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ, èyí tí à ń pè ní vagus, lọ sí àpò oúnjẹ, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan yóò ti tú gastrin, ọ̀kan nínú àwọn họ́mọ́ọ̀nù tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ jíṣẹ́ nínú ara, sínú ẹ̀jẹ̀, kí àpò náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í sun ásíìdì. Bí ẹja yẹn bá wá wọlé, gastrin á tún pọ̀ sí i.

Ásíìdì kan náà ló sì ń dá gastrin dúró. Nígbà tí oúnjẹ bá ti ń kúrò, tí kíkan inú àpò sì le dé nǹkan bíi pH 3 (pH ni òdiwọ̀n kíkan; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni kíkan ṣe le tó), àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn á tú họ́mọ́ọ̀nù mìíràn, somatostatin, jáde láti dí gastrin lọ́wọ́. Omeprazole kì í jẹ́ kí ásíìdì tó iye tí yóò fi ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí náà gastrin á máa pọ̀ títí, á sì máa mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ti ìsun ásíìdì lẹ́yìn gbilẹ̀. Bí oògùn bá wá kúrò lójijì, ásíìdì lè ya jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ra oògùn yìí láìsí ẹni tó ṣàlàyé èyí fún wọn.

Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé ásíìdì ń pàṣẹ fún họ́mọ́ọ̀nù. Ní ọdún 1902, ní London, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Bayliss àti Starling, gé àwọn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ lọ sí apá kan ìfun ajá, wọ́n da ásíìdì sínú rẹ̀, síbẹ̀ pancreas, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, sun omi tirẹ̀, nítorí pé secretin, họ́mọ́ọ̀nù tí ìfun ń tú jáde, gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ jíṣẹ́ fún un. Omi yìí ló ń pa agbára ásíìdì kí ó má ba ìfun jẹ́. Ṣáájú ìgbà náà, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Pavlov àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Rọ́ṣíà gbà pé irú iṣan bẹ́ẹ̀ nìkan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Ní ti ìyá yín, ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n má ṣe tún dá oògùn rà. Kí wọ́n lọ rí dókítà, ẹni tó lè mú kí wọ́n dín in kù díẹ̀díẹ̀, tí yóò sì yẹ̀ wọ́n wò bóyá ọgbẹ́ inú ló wà nídìí rẹ̀. Bí ìgbẹ́ wọn bá dúdú bí ọ̀dà tàbí tí wọ́n bá bì ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.