Ṣé "Ìwé Mímọ́ nìkan" túmọ̀ sí pé ìjọ kò gbọdọ̀ ní olórí?

Ìbéèrè náà nìyí: bí onígbàgbọ́ bá gbà pé Bíbélì nìkan ni àṣẹ tó ga jù, ṣé kò ti já sí pé bíṣọ́ọ̀bù, sínọ́ọ̀dù (àpérò àwọn aṣojú ìjọ) àti póòpù kò wúlò mọ́, kí ìjọ kọ̀ọ̀kan máa ṣe tirẹ̀, kí oníkálukú sì máa túmọ̀ Bíbélì bó ṣe yé e?

Kò já síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ló wọnú ara wọn. Ọ̀kan ni ibi tí ẹjọ́ ìgbàgbọ́ ń parí sí. Èkejì ni ẹni tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà, tó sì lágbára láti mú ìdájọ́ ṣẹ. "Ìwé Mímọ́ nìkan" dáhùn àkọ́kọ́. Kò dáhùn èkejì. Nígbà tí wọ́n ní kí Martin Luther, àlùfáà ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ Àtúnṣe ìjọ, kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ ní ìlú Worms ní oṣù kẹrin ọdún 1521, ó ní àfi kí wọ́n fi Ìwé Mímọ́ tàbí làákàyè tó dájú fi ẹ̀bi òun hàn, torí pé póòpù àti àpérò ìjọ ti ṣìnà rí, wọ́n sì ti tako ara wọn. Ẹ wò ó dáadáa: ó ní àpérò lè ṣìnà, kò ní kí àpérò má jókòó mọ́. Àwọn Áńgílíkà ní abala 39 nínú ìwé ìgbàgbọ́ wọn ti ọdún 1571. Abala 6 sọ pé ohun tí a kò bá kà nínú Ìwé Mímọ́, tí a kò sì lè fi í jẹ́rìí, kò gbọdọ̀ di dandan fún ìgbàlà. Abala 20 wá sọ pé ìjọ ní àṣẹ nínú àríyànjiyàn ìgbàgbọ́, àmọ́ kò gbọdọ̀ gbé ohun tó lòdì sí Ìwé náà kalẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù wọn kò tìtorí ìyẹn kúrò lórí àga.

Ẹ yí i padà, ẹ ó rí i pé bákan náà ni. Àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì kò gba "Ìwé Mímọ́ nìkan" rárá. Lójú tiwọn, Ìwé àti ohun tí ìjọ gbà lọ́wọ́ àwọn baba kò ṣe é yà. Síbẹ̀ kò sí ẹnìkan tó ń pàṣẹ fún gbogbo wọn. Pátíríákì (olórí bíṣọ́ọ̀bù) Constantinople ló ní ipò iyì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò lè yọ bíṣọ́ọ̀bù kan nípò nínú ìjọ Romania. Àwọn Àgùdà ló so méjèèjì pọ̀: àpérò Trent ní ọdún 1546 fi Ìwé Mímọ́ àti àṣà àtọwọ́dọ́wọ́ sí ipò ọ̀wọ̀ kan náà, póòpù sì ni olórí gbogbo ìjọ.

Gbogbo wọn ló ń fi Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 15 gbe ara wọn lẹ́sẹ̀. Àwọn kan ti Jùdíà wá sí Áńtíókù, wọ́n ní ẹni tí kò bá kọlà kò lè rí ìgbàlà. Ìjọ Áńtíókù kò dá a parí. Wọ́n rán Pọ́ọ̀lù àti Bánábà lọ sí Jerúsálẹ́mù. Wọ́n jiyàn gan-an níbẹ̀ kí Pétérù tó dìde sọ̀rọ̀. Bánábà àti Pọ́ọ̀lù ròyìn ohun tí Ọlọ́run ṣe láàrin àwọn Kèfèrí, Jákọ́bù sì fa ọ̀rọ̀ wòlíì Ámósì yọ kó tó dábàá ohun tí wọn yóò kọ. Lẹ́tà náà kò béèrè ju nǹkan mẹ́rin lọ: kí wọ́n yẹra fún ohun tí a fi rúbọ sí òrìṣà, fún ẹ̀jẹ̀, fún ẹran tí a lọ́ lọ́rùn pa, àti fún àgbèrè. Àgùdà á ní Pétérù ló sọ̀rọ̀ tí gbogbo ìpàdé fi dákẹ́. Presbitéríà á ní àpérò alàgbà nìyẹn, orí 16 ẹsẹ 4 sì fi hàn pé ìpinnu rẹ̀ de àwọn ìlú mìíràn. Onítẹ̀bọmi á nawọ́ sí ẹsẹ 22, níbi tí gbogbo ìjọ ti lọ́wọ́ sí i. Lójú tèmi, kò sẹ́ni tó ń purọ́ nínú wọn. Ìtàn ni orí náà ń sọ, kò ṣòfin ìṣàkóso.

Ọjọ́ tí wàhálà bá dé ni ìyàtọ̀ ń hàn. Ká ní wọ́n fẹ̀sùn kan pásítọ̀ pé ó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ òdì. Nínú ìjọ Presbitéríà, ìgbìmọ̀ àgbègbè ló ń gbọ́ ọ, kì í ṣe àwọn alàgbà ìjọ tó ń bójú tó. Ẹni tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn lè pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sí àpérò tó ga jù. Níbi tí bíṣọ́ọ̀bù wà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀sùn ń lọ. Lọ́dọ̀ Onítẹ̀bọmi, ìpàdé àwọn ọmọ ìjọ ló pè é wá, àwọn náà ló lè dìbò pé kó máa lọ. Ẹgbẹ́ àwọn ìjọ kò lè lé e. Agbára wọn kò ju kí wọ́n yọ ìjọ yẹn kúrò nínú ẹgbẹ́.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù, tí àwọn tó fẹ́ kí àṣẹ tú ká kì í fẹ́ gbọ́, ni ìjọ tó dá dúró lábẹ́ olùdásílẹ̀ kan. Lóde, kò sí bíṣọ́ọ̀bù, kò sí sínọ́ọ̀dù. Nínú, gbogbo rẹ̀ ti kó sọ́wọ́ ẹnìkan. Òun ló ń túmọ̀ Ìwé, òun ló ń yan àwọn alàgbà tó yẹ kí wọ́n máa bi í léèrè, òun ló ń fọwọ́ sí owó, ẹni tí inú rẹ̀ kò bá sì dùn kò ní ibi tí yóò pẹjọ́ sí àfi kó wá ọ̀nà gbà lọ. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: Diotíréfè inú Jòhánù kẹta fẹ́ràn ipò ọ̀gá, kò gba àpọ́sítélì, ó sì ń lé àwọn tó gba àwọn ará lálejò jáde. Nítorí náà, ẹ má wo orúkọ tó wà lára pátákó. Ẹ béèrè ẹni tó lè yọ pásítọ̀. Ẹ béèrè iye ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé owó, bóyá ará ilé kan náà ni wọ́n. Ẹ béèrè òfin ìjọ. Ìjọ tó bá ní òun kò lófin mìíràn ju Bíbélì lọ, ó ní. Kò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ní ti kí oníkálukú máa túmọ̀ tirẹ̀, Luther àti Zwingli, aṣáájú Àtúnṣe ní Switzerland, pàdé ní Marburg ní ọdún 1529. Àwọn méjèèjì gbà pé Ìwé Mímọ́ ni àṣẹ ìkẹyìn. Nínú kókó 15, wọ́n fẹnu kò lórí 14. Ìkẹẹ̀ẹ́dógún, oúnjẹ alẹ́ Olúwa, ni kò lójútùú: Luther fi ṣọ́ọ̀kì kọ "Èyí ni ara mi" sórí tábìlì ní èdè Látìn, kò sì kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìwé kan náà ni wọ́n dì mú, kò sí adájọ́ láàrin wọn, wọ́n sì pínyà. Ohun tí "Ìwé Mímọ́ nìkan" ń náni nìyẹn, kí a má fi bò. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, ìwé tó to ohun tí ìjọ gbà gbọ́, bíi ti Augsburg tí àwọn Lútẹ́rà kọ ní 1530. Ti Westminster, tí àwọn Presbitéríà ń lò, tilẹ̀ sọ pé àpérò lè ṣìnà, ọ̀pọ̀ sì ti ṣìnà, kí a fi wọ́n ṣe ìrànlọ́wọ́, kí a má fi wọ́n ṣe òṣùwọ̀n ìgbàgbọ́.

Ìbéèrè tó le jù ni ti àtòjọ ìwé inú Bíbélì fúnra rẹ̀, torí kò sí ẹsẹ tó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ. Ìwé 27 inú Májẹ̀mú Tuntun pé nínú lẹ́tà tí Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alexandria, kọ ní ọdún 367. Àgùdà ń ka ìwé 73 lápapọ̀, àwọn ìjọ Àtúnṣe (Pùrótẹ́sítáǹtì) ń ka 66. Èsì àwọn ìjọ Àtúnṣe ni pé ìjọ dá àwọn ìwé náà mọ̀ ni, kò fún wọn ní àṣẹ. Nígbà tí Luther tẹ Májẹ̀mú Tuntun rẹ̀ jáde ní ọdún 1522, ó kó Hébérù, Jákọ́bù, Júdà àti Ìfihàn sẹ́yìn, kò sì fún wọn ní nọ́ńbà nínú àtòjọ. Kò yọ wọ́n, àwọn ìjọ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì ń ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí Ìwé Mímọ́ títí di òní, láìwo ti ohun tó rò.