Báwo ni ìjọba apàṣẹ-wàá ṣe ń fẹ̀rù mú aráàlú?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bèèrè, kì í ṣe ìbọn nìkan o, òfin ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbá mú. Ẹ wo Ọ̀gágun Sani Abacha, olórí ológun Nàìjíríà nígbà yẹn, November 17, 1993 ló gbàjọba, lọ́jọ́ kejì ó ti tú ilé aṣòfin ká, ó lé àwọn gómìnà, ó tún fòfin de ẹgbẹ́ òṣèlú. Dìkírì 2 tọdún 1984, ìyẹn òfin táwọn ológun ṣe, sì ti wà nílẹ̀, òun ni wọ́n fi ń ti èèyàn mọ́lé láìgbé e dé kọ́ọ̀tù. Ní 1994 wọ́n ti Concord, Punch àti Guardian pa, tí ìwé ìròyìn ò bá sí, àhesọ ló kù, àhesọ sì ń dẹ́rù bani ju òótọ́ lọ. Àwọn tó ń gbọ́ Rédíò Kudirat, rédíò àwọn alátakò ìjọba, wọ́n á yí i wálẹ̀ pátápátá kí aládùúgbò má baà gbọ́, torí ta ló mọ ẹni tó ń jíṣẹ́ fún wọn?

Àwa ará Ìjẹ̀bú mọ̀ ọ́n dáadáa. Bàbá Abraham Adésànyà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, àgbà NADECO, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ìjọba tiwa-n-tiwa, January 1997 ni wọ́n da ìbọn bo mọ́tò wọn l'Ékòó, Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Kò dìgbà tí wọ́n bá pa gbogbo èèyàn, tí wọ́n bá ti ṣe ẹnì kan báyẹn, ọ̀pọ̀ á panu mọ́. Ẹni tó wà nínú ìjọba gan-an ò bọ́: Ọ̀gágun Díyà ará Òdògbolú, igbá-kejì Abacha fúnra ẹ̀, December 1997 ni wọ́n mú un, wọ́n sì dájọ́ ikú fún un ní 1998, ikú Abacha ní June ọdún yẹn ló kó o yọ.